Ibi Tí Balógun Parí Sí

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kò mọ̀wé rárá, ṣùgbọ́n òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ ní ìtàn. Mo ti gba ìwé ẹ̀rí tíṣà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì nígbà náà o, mo ti ń de táì. Ọdún méjì àkọ́kọ́ tí mo fi kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ihunbọ, ńṣe ni àwọn ọmọ ń sùn mọ́ mi lójú. Inú a máa bí mi, màá sọ ṣọ́ọ̀kì lù wọ́n. Mo rò pé agbárí wọn ló le, n kò mọ̀ pé ẹnu tèmi ni kò dùn.

Àwa méjèèjì péré ló yè nínú àwọn ọmọ tí ìyá wa bí, ọdún mẹ́rìnlá ni Ẹ̀gbọ́n sì fi jù mí lọ. Nígbà tí ìyá wa kú, òun ló gbé mi pọ̀n, òun ló ta gààrí títí mo fi jáde ìwé. Ẹ̀yìn ìgbà náà ló tó lọ sílé ọkọ, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pẹ́ jù kó tó lọ. Mùsùlùmí ni ọkọ rẹ̀, àgbẹ̀ tó ń fún epo, ní abúlé kan lẹ́yìn Tube, lápá ọ̀dọ̀ àwọn tí a ń pè ní ará ilẹ̀ Faransé. Ẹ má rò pé ọ̀nà jíjìn ni mò ń wí. Láti ọjà Tube, ìrìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni, èdè kan náà ni gbogbo wa ń sọ. Òpó símẹ́ńtì kan wà láàárín oko ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ní ìjọba òyìnbó ló rì í síbẹ̀ láti fi pa ààlà. Ohun tí èmi mọ̀ ọ́n mọ́ ni pé àwọn ewúrẹ́ fẹ́ràn láti máa fi ara nù ún.

Bí mo bá lọ kí Ẹ̀gbọ́n, màá mú ìwé tí mo fi ń palẹ̀ ẹ̀kọ́ mọ́ dání, màá sì sọ ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ fún un bó ṣe ń bẹ ẹ̀gẹ́. Ó ní òun náà fẹ́ mọ ohun tí owó gààrí òun rà. Lọ́jọ́ kan, mò ń ṣàlàyé ogun òyìnbó kan fún un, ni ó bá gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

“Àbúrò mi, ibo lo pe ibẹ̀ yẹn?”

“Ilẹ̀ òyìnbó ni, Ẹ̀gbọ́n.”

“Ta ló débẹ̀ rí nínú àwọn ọmọ tó ò ń kọ́?”

“Kò sí o.”

“Ìwọ ńkọ́?”

“Èmi náà ò débẹ̀ rí.”

“Ẹni tí ò débẹ̀ rí ló wá ń júwe ọ̀nà fún ẹni tí ò mọ ibi tó ń lọ!” Ó rẹ́rìn-ín títí. “Gbé e wá sí Ìlaròó. Èyí tó bá jẹ́ ọba nínú wọn, fi í sáàfin. Èyí tó bá jẹ́ ọ̀gá sójà, pè é ní Balógun. Wàá rí i bóyá wọ́n á tún sùn.”

Wọn kò sùn mọ́. Láti ọjọ́ náà, kò sí ogun tí wọ́n jà ní ìlú òyìnbó tí n kò gbé wá sí ìtòsí wa. Àwọn ọmọ Fọ́ọ̀mù Fáìfù mi ń jókòó sí etí bẹ́ńṣì, àwọn ọmọ kíláàsì kejì a máa wá dúró lójú fèrèsé. Mo sì sọ ọ́ di òfin fún ara mi pé ohun tí Ẹ̀gbọ́n kò bá lóye, n kò ní kọ́ ọ.

Lọ́dún tí àwọn ológun tún gbàjọba lórílẹ̀-èdè wa, wọ́n ti bodè. Rédíò sọ ọ́ ní òwúrọ̀. Nígbà tó máa fi di ọ̀sán, wọ́n ti yí àgbá sí ojú ọ̀nà Tube, wọ́n ti fi igi dábùú rẹ̀. Wọ́n ní àwọn onífàyàwọ́ ló ń ba ìlú jẹ́. Ó lè jẹ́ òótọ́, n kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́ tí obìnrin kan gbìn ní ìhà kejì òpó símẹ́ńtì, tó fẹ́ lọ wú u wálé, ṣé fàyàwọ́ nìyẹn àbí iṣẹ́ oko? Mo rí ìyá àgbàlagbà kan tí wọ́n ní kó máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́ nítorí agbọ̀n ẹ̀gẹ́ kan. Mo gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo kọjá lọ.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́ kọ́ ló ká mi lára jù. Ẹ̀gbọ́n ní àtọ̀gbẹ, irú èyí tí oògùn oníhóró kì í ràn. Abẹ́rẹ́ ló ń gbà lójoojúmọ́, òun fúnra rẹ̀ ló ń gún ara rẹ̀ nítan. Ó ní ìkòkò kékeré kan tó fi ń se abẹ́rẹ́ náà, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi se ẹyin. Ilé ìwòsàn ní Ìlaròó ni káàdì rẹ̀ wà, èmi ni mo sì ń bá a gba oògùn náà ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, ìgò kéékèèké méjì tí kò ju àtàǹpàkò lọ. Nọ́ọ̀sì ní kò gbọ́dọ̀ gbóná, nítorí náà inú fúláàsìkì ni mo ń kó o sí, pẹ̀lú yìnyín. Dókítà sì ti sọ fún mi lójú ara mi pé bí abẹ́rẹ́ yẹn bá já fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, ó lè gbé e lọ. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé n kò mọ̀.

Lẹ́yìn tí wọ́n ti bodè, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣì kọjá. Kọ́pùrà kan wà ní ibùdó wọn ní Tube, ọmọ apá Ọ̀yọ́, ọmọlúwàbí ènìyàn. Màá fi lẹ́tà dókítà hàn án, yóò ṣí fúláàsìkì wò, yóò ní, “Tíṣà, ẹ má pẹ́ o,” màá sì gba ẹ̀gbẹ́ àgbá kọjá. Ọkọ Ẹ̀gbọ́n kò fẹ́ràn rẹ̀. Ó ní ọ̀nà kan wà nínú igbó ọ̀pẹ tí gbogbo ayé ń gbà, kí n máa gba ibẹ̀, kí n yéé kí sójà. Mo dá a lóhùn pé èmi kì í ṣe onífàyàwọ́, tíṣà ìjọba ni mí, ojú ọ̀nà ni mo máa gbà. Àgbéré ni. Mo fẹ́ kí àwọn sójà rí i pé èèyàn gidi ṣì ń bẹ lágbègbè náà. Mo ti ro ọ̀rọ̀ yẹn sókè sódò láti ìgbà yẹn, orúkọ mìíràn tí ǹ bá fi pè é kò sí.

Ní àkókò kan náà, ẹ̀kọ́ tó kàn nínú sílábọ́ọ̀sì Fọ́ọ̀mù Fáìfù ni ti ilẹ̀ Sípéènì láàárín ogun àgbáyé méjèèjì, bí ọ̀gágun kan ṣe gba ìjọba níbẹ̀ tí ọba ìlú sì gbà fún un. Èmi kọ́ ni mo yàn án, ó wà níbẹ̀ kí àwọn sójà tiwa tó dé. Mo ti máa ń sọ fún àwọn ènìyàn pé n kò ronú kan ìjọba wa nígbà tí mò ń kọ ọ́ sílẹ̀. Irọ́ ni. Mo ronú kàn án, mo tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Mo gbé gbogbo rẹ̀ wá sí Ìlaròó gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi, mo kọ ọ́ ní Yorùbá sínú ìwé mi.

Ohun tí mo kọ nìyí. Mo ní ogun tí ìlú ń jà ní òkèèrè kò gún régé, àwọn ará ìlú ń bínú. Balógun wà ní Ìdìrókò pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun rẹ̀, ó ránṣẹ́ sí ọba n'Ílaròó pé àwọn ìgbìmọ̀ ti ba ìlú jẹ́, kí wọ́n gbé ìjọba fún òun. Ọba kò bá a jà, inú rẹ̀ tilẹ̀ dùn. Balógun ní àádọ́rùn-ún ọjọ́ péré ni òun máa lò láti fi gbálẹ̀. Ó tú ìgbìmọ̀ ká. Ó yan àwọn tí yóò máa ka ìwé ìròyìn kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, ohun tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, wọ́n á pa á rẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó sọ̀rọ̀ sí i, ó lé e kúrò nílùú, ó ní kó lọ máa gbé ní Joga-Orílé. Ní ti òótọ́, erékùṣù kan ló lé ẹni yẹn lọ, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ mi kò mọ erékùṣù, wọ́n mọ Joga. Balógun la ọ̀nà o, ó ṣe títì, àwọn kan sì ń yìn ín. Àádọ́rùn-ún ọjọ́ pé, ó kọjá, kò lọ.

Ibẹ̀ ni mo bá a dé pẹ̀lú Ẹ̀gbọ́n ní àbẹ̀wò mi kẹta. Mo pa ìwé dé.

“Ó wá lọ nígbà tó yá?” ló bi mí.

“Ó di ìgbà tí mo bá tún wá.”

“Ìwọ ọmọ yìí, o ya olóríburúkú! Sọ ibi tó parí sí fún mi.”

“Ẹ̀gbọ́n, mi ò tíì kà á débẹ̀.” Mo ti kà á débẹ̀. Mo kàn fẹ́ kó máa retí mi ni.

Ní kíláàsì, ibẹ̀ náà ni mo bá a dé. Ọmọbìnrin kan dìde, ó ní, “Sà, kí ló dé tí àwọn ará ìlú fi dákẹ́?” Inú mi dùn sí ìbéèrè yẹn. Mo ní wọ́n dákẹ́ nítorí ẹ̀rù, mo sì fi kún un, pẹ̀lú ọwọ́ nínú àpò, pé ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó yẹ kí n tún lọ pé. Oògùn Ẹ̀gbọ́n máa tán láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an, ilé ìwòsàn kò sì rí tuntun fún mi títí di Ọjọ́bọ̀. Mo parí kíláàsì méjì àárọ̀, mo gbé fúláàsìkì sí iwájú kẹ̀kẹ́, mo fi ìwé mi sínú báàgì, mo gun kẹ̀kẹ́ dé Tube kí oòrùn tó kan àtàrí. Kọ́pùrà wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀gá tuntun kan jókòó lórí àga lábẹ́ àtíbàbà, ará Òkè Ọya, kò gbọ́ Yorùbá. Kọ́pùrà kò wojú mi. Ó gba lẹ́tà dókítà lọ́wọ́ mi bí ẹni tí kò rí mi rí.

Ọ̀gá náà kò bínú. Ó ka lẹ́tà, ó dá a padà, ó ní kí wọ́n yẹ báàgì wò. Wọ́n bá ìwé mi níbẹ̀. Ó ṣí i, ó rí Yorùbá, ó rí “Ìlaròó,” ó rí “Ìdìrókò.” Ó nà án sí kọ́pùrà, ó ní kó tú u sí òyìnbó fún òun.

Kọ́pùrà sì tú u. Ó mọ òyìnbó, kò fo ọ̀rọ̀ kan. Pé ogun kò gún régé, ìlú ń bínú, Balógun wà ní Ìdìrókò pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun. Bó ṣe ń kà á ni mò ń gbọ́ ọ bí etí ọ̀gá ṣe ń gbọ́ ọ. Nígbà tó dé ibi àádọ́rùn-ún ọjọ́, ọ̀gá gbé ọwọ́ sókè.

“Ta ló sọ fún ọ pé a kò ní lọ nígbà tí a bá parí iṣẹ́?”

“Sà, ìtàn ni. Ìtàn ilẹ̀ Sípéènì ni.”

“Fi Sípéènì hàn mí níbẹ̀.”

Mo gba ìwé, mo ń ṣí i síwá sẹ́yìn. Kò sí Sípéènì níbẹ̀. N kò kọ ọ́ sí ojú ìwé kankan. Kí ni mo fẹ́ kọ ọ́ fún? Èmi àti àwọn ọmọ mi mọ ibi tí à ń sọ. Kọ́pùrà ń kà á lọ, ó dé apá kejì, èyí tí n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni: pé owó ìlú kò níye lórí mọ́, pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pariwo, pé Balógun kọ̀wé sí àwọn balógun ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ní ṣé ẹ ṣì wà lẹ́yìn mi, tí wọn kò sì dá a lóhùn bó ṣe fẹ́. Ó kó ẹrù rẹ̀, ó sá lọ sí Kútọnù, kò lo oṣù méjì níbẹ̀ tó fi kú.

Kútọnù yẹn ló pa mí. Ilẹ̀ Faransé gangan ni ọ̀gágun náà kú sí; mo ní ká fi Kútọnù rọ́pò rẹ̀, ó ṣáà jẹ́ pé Faransé kan náà ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Mo ṣàlàyé pé ńṣe ni mo gbé ìtàn náà wá sí Ìlaròó. Ọ̀gá wo bodè, ó wo mí.

“Ta ló ní kí o gbé e wá sí Ìlaròó?”

Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ìbá ṣe pé mo ní èmi ni. Ṣùgbọ́n mo ti pinnu lọ́kàn pé òótọ́ ni màá sọ láti òkè délẹ̀, nítorí ẹni tó bá ń sọ òótọ́, wọ́n á rí i lójú rẹ̀. Ẹ̀rù ti lé gbogbo òyìnbó tí mo mọ̀ lọ, Yorùbá ni mo fi dáhùn: “Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni, sà.”

“Níbo ló wà?”

“Lẹ́yìn bodè, sà. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mò ń lọ.”

“O máa ń ka ìwé yìí fún un?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì.”

Kọ́pùrà tó ń tú ọ̀rọ̀ mi wá wojú mi wàyí kó tó tú u. Mo rò pé ó fẹ́ fún mi láyè láti gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Lẹ́yìn náà ó tú u. Ọ̀gá mi orí, ó ní ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí ju ìwé lọ, kí wọ́n tì mí mọ́lé títí àwọn tó jù ú lọ yóò fi dé láti Abẹ́òkúta.

Sítọ́ọ̀ tí wọ́n fi ń kó ìrẹsì tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn onífàyàwọ́ sí ni wọ́n tì mí mọ́. Fèrèsé kan wà níbẹ̀ tó kọjú sí ilẹ̀ kejì. Mo ń rí oko ẹ̀gẹ́. Mo ń rí òpó símẹ́ńtì. Mo ń rí orí àwọn ọ̀pẹ tó wà lẹ́yìn ilé Ẹ̀gbọ́n, àti èéfín ibi tí wọ́n ti ń se epo. Mo kígbe láti ojú fèrèsé yẹn. Mo pe orúkọ rẹ̀ títí ohùn mi fi há. Ìrìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni mo ní, àbí? Ohùn kì í rin ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Mo bẹ̀ wọ́n. Ẹ má jẹ́ kí n purọ́ pé mo ṣe ọkùnrin. Mo kúnlẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ lórí àpò ìrẹsì, mo ní kí wọ́n dè mí mọ́lẹ̀ bí wọ́n bá fẹ́, kí wọ́n ṣáà jẹ́ kí ẹnìkan gbé fúláàsìkì kọjá. Àwọn sójà tó ń ṣọ́ mi kò gbọ́ Yorùbá, wọn kò sì gbọ́ òyìnbó tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ yẹn ń lọ, mo gbọ́ tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ àtíbàbà, mo yọjú. Wọ́n ti ṣí fúláàsìkì, wọ́n ti kó yìnyín inú rẹ̀ sínú ife, wọ́n ń fi mu omi. Oòrùn mú lọ́jọ́ náà, n kò dá wọn lẹ́bi òùngbẹ. Àwọn ìgò méjèèjì wà lórí tábìlì nínú oòrùn.

Ní ọjọ́ Sátidé, kọ́pùrà gbé búrẹ́dì wá fún mi. N kò jẹ ẹ́. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e lọ. Ẹ ní kí wọ́n júwe ilé ẹlẹ́po fún yín, ẹnikẹ́ni á mú yín débẹ̀.”

“Tíṣà, bí mo bá kọjá òpó yẹn, wọ́n á ní mo sálọ.”

“Ẹ wá fi rán ẹnìkan.”

“Ta ni mo fẹ́ fi rán? Ta ni mo mọ̀ tí ò ní sọ̀rọ̀?”

Mo bi í pé ṣé kò mọ̀ pé ìtàn ni. Ó wo ẹ̀yìn kó tó dáhùn. Ó ní òun mọ̀. Ó ní láti ìlà kẹta ni òun ti mọ̀, wọ́n kọ́ òun náà nílé ìwé, òun sì rántí ọba yẹn dáadáa. Mo ní kí ló wá dé tí kò sọ fún ọ̀gá rẹ̀. Ó gba ọwọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ mi jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

“Mo níyàwó nílé, Tíṣà,” ló wí, ó jáde.

Mo bínú sí i ju bí mo ṣe bínú sí ọ̀gá rẹ̀ lọ. Mo ṣépè fún un, irú èpè tí Kristẹni kì í ṣẹ́. Ní ọjọ́ Àìkú, mo dìde láàárọ̀, mo wo fèrèsé, n kò rí èéfín kankan. Mo ní bóyá wọn kò se epo lónìí. Mo jókòó, mo tún dìde wò ó. Títí ilẹ̀ fi ń ṣú, n kò rí èéfín, mo sì ti mọ̀, ṣùgbọ́n n kò jẹ́ kí ara mi mọ̀ pé mo mọ̀.

Pírínsípà wa dé ní àárọ̀ Mọ́ńdè. Ẹnìkan ló lọ sọ fún un pé wọ́n rí kẹ̀kẹ́ mi ní ibùdó sójà. Àgbà ọkùnrin ni, alàgbà ìjọ, kóòtù ló wọ̀ nínú ooru yẹn, ó sì ti ìwé ìtàn bọ abíyá pẹ̀lú sílábọ́ọ̀sì. Ó ṣí ibẹ̀ fún ọ̀gá. Sípéènì wà níbẹ̀ gàdàgbà. Àwòrán ọ̀gágun náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú, pẹ̀lú irunmú rẹ̀ àti àmì ẹ̀yẹ ní àyà rẹ̀. Ọ̀gá kà á fúnra rẹ̀, ó pẹ́ lórí rẹ̀. Ó kà á tán, ó ní kí wọ́n mú mi jáde.

“Àádọ́rùn-ún ọjọ́ yẹn, ó sọ ọ́ lóòótọ́?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Ó wá lo mélòó?”

“Ó lé lọ́dún mẹ́fà, sà.”

Ó ṣe bí ẹni tó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rín in. Ó na ìwé mi sí mi, ó ní kí n fi ọwọ́ ara mi ya ojú ìwé yẹn. Mo ya á. Bó bá ní kí n jẹ ẹ́ ni, ǹ bá jẹ ẹ́. Mo gba ìgò méjèèjì, wọ́n gbóná lọ́wọ́ mi. Pírínsípà ní kí n sinmi ná. Mo gba ẹ̀gbẹ́ àgbá, mo sá eré kọjá òpó símẹ́ńtì. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀.

Mo rí ẹní tí wọ́n tẹ́ síta láti ọ̀nà jíjìn, àti àwọn ọkùnrin tó jókòó lé e lórí. Mo ti rí i, síbẹ̀ mo ṣì ń sáré, ìgò lọ́wọ́ mi. Ọkọ Ẹ̀gbọ́n dìde pàdé mi. Ó ti dàgbà lójú ọjọ́ mẹ́ta. Ó ní ìdájí ọjọ́ Àìkú ló jáde láyé, wọ́n sì ti sin ín kí oòrùn tó mú, bí ẹ̀sìn wọn ṣe wí. Ó mú mi lọ sẹ́yìn ilé, erùpẹ̀ náà ṣì tutù. Mo bú sẹ́kún níbẹ̀, mo ń lu ilẹ̀.

Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ẹkún náà kò dí mi lójú láti bi í pé kí ló dé tí wọn kò gbé e lọ sí ọpitá ní Sakétẹ́, lápá ọ̀dọ̀ tiwọn níbẹ̀. Mo tilẹ̀ jágbe mọ́ ọn. Mo ń wá ẹni tí màá dá lẹ́bi, kó má baà ku èmi nìkan.

Kò bínú. Ó ní, “Ọjọ́ Sátidé, alùpùpù mọbilẹ́ẹ̀tì ti dúró sẹ́nu ọ̀nà yìí. A ti kó aṣọ rẹ̀ lé e lórí. Òun ló ní òun ò lọ. Ó ní àbúrò òun sọ pé Jímọ̀, kò sì yẹ̀ rí; bí kò bá wá Jímọ̀, á wá Sátidé, kí wọ́n má gbé òun lọ kó má baà dé kó má bá òun nílé.” Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú etí agbádá. “Ó tún ní o jẹ òun ní ọ̀rọ̀ kan. Ó ní o ò tíì sọ ibi tí Balógun parí sí.”

Mo padà sí kíláàsì lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ. Wọ́n ti gbọ́, gbogbo wọn dìde, kò sí ẹni tó sùn, kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Mo gbé ìwé òyìnbó síwájú mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á bí ó ṣe wà, pẹ̀lú orúkọ ìlú tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ àti odò tí ẹnikẹ́ni kò lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀ rí. Ọmọbìnrin tó béèrè ọ̀rọ̀ níjọ́sí tún nawọ́ sókè.

“Sà, ti Ìlaròó ńkọ́?”

“Kò sí nǹkan kan ní Ìlaròó,” ni mo wí. “Sípéènì ni. Ó jìnnà gan-an. Kò kàn wá.”

Ó tún ní, “Balógun ńkọ́, sà? Ibo ló parí sí?”

Mo ní kó jókòó. Mo ní kí wọ́n lọ kà á fúnra wọn, ó wà ní òpin orí yẹn. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ yẹn fún kíláàsì tó lé ní ogún lẹ́yìn ìgbà náà, ibẹ̀ ni mo máa ń pa ìwé dé, tí màá ní kí wọ́n lọ kà á. N kò fi ẹnu ara mi sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, nítorí mo ti jẹ ẹnìkan ní ọ̀rọ̀ yẹn tẹ́lẹ̀.